Ẹ̀tù Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lóòrùn

Irọ́ tí mo pa kò gùn. "Rárá, Bàbá," ni mo wí, mo sì dojú bolẹ̀. Irọ́ kékeré yẹn ni mo fi ba iṣẹ́ ọkùnrin kan jẹ́, ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ mí rárá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé ìbọn ni mo fẹ́ di ẹ̀bi rù. Ìbọn náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, ó sì pọ̀, n ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì, ìbọn kò jẹ̀bi, ẹni tó tún un ṣe kò jẹ̀bi. Èmi ni.

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Ọ̀dọ̀ bàbá àti màmá tó bí bàbá mi ni mò ń gbé, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ẹ̀gùá, torí pé bàbá mi ti kú, màmá mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Àwa mẹ́rin là ń sùn nínú ilé náà: Bàbá, Màmá, Ẹ̀gbọ́n Mùtíù tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, àti èmi Wàídì. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, ìró ọ̀kadà ló máa ń jí wa láàárọ̀. Wọ́n á di gaàrí àti àgbàdo lé e títí ẹni tó ń wà á fi máa dà bí ẹni tó jókòó sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á sì forí lé ọ̀nà ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ọ̀nà dákẹ́, ilé wa kún fún ìró tí a kò gbọ́ rí. Mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ Màmá ní àgbàlá, mo ń gbọ́ tẹ̀sùbáà Bàbá bó ṣe ń bọ́ síra wọn lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ọmọdé ni mí, mo rò pé àlàáfíà ni. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ìró ilé tí owó kò wọ̀ mọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n Mùtíù wà lára àwọn ọlọ́kadà yẹn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu lílọ bíbọ̀ náà débi pé ó máa ń fi èdè òdìkejì kí ìyá rẹ̀. Á jáde láti inú yàrá, á na apá, á ní, "Bọ̀ǹjúù, Màmá!" Màmá kò ní gbójú sókè láti ìdí ààrò. "Bọ̀ǹjúù kì í yó èèyàn. Wá jẹ láfún." Láfún náà la sì ń jẹ, láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí kò ní ju edé wẹ́wẹ́ lọ, torí ìrẹsì ti di ohun tí à ń fẹnu lásán sọ. Nígbà tí kò sí ibi tí ọ̀kadà ń lọ mọ́, Ẹ̀gbọ́n gbé e ti ògiri, ó mú àdá, òun àti Bàbá ṣán oko ńlá kan lẹ́yìn odò, wọ́n gbin àgbàdo sí i. Òun tó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ àgbẹ̀ wá ń fi ọwọ́ rẹ̀ wọn gíga àgbàdo lójoojúmọ́. Àgbàdo yẹn ni oúnjẹ wa, òun ni owó iléèwé mi, òun náà ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi gbéyàwó. Bó ṣe ń yọ ọmọ ni ìmàdò ń wọlé sí i. Wọ́n ń ya kọjá láàárín rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ibi tí wọ́n bá gbà á dà bí ibi tí katapílà gbà. Àwa kì í jẹ ìmàdò, Mùsùlùmí ni wá. Wọn kò fi ti ẹ̀sìn wa ṣe o, wọ́n ń jẹ àgbàdo wa.

Ohun tó yẹ kó lé wọn ni ìbọn Bàbá. Ó-Dọ̀la lorúkọ rẹ̀. Bàbá kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará abúlé ni. Ṣakabùlà ni, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí òkúta kékeré kan ń ṣá iná sí nídìí. Ó gùn jù mí lọ nígbà náà, wọ́n sì ti fi wáyà wé igi ìdí rẹ̀ níbi tó ti là. Bí Bàbá bá nà án sí ọ̀yà, tó fà á, òkúta á ṣá, iná á bù yẹ̀rì, ìbọn á sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dáhùn. Ọ̀yà á wo Bàbá, á wọ igbó lọ. Bàbá á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó dọ̀la." Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Bó bá ń bọ̀ láti oko, àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò á ti rí i lókèèrè.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Mùtíù. Ṣé Ó-Dọ̀la ti jí?"

"Ó ṣì ń sùn."

"Ẹ má jí i o. Gbogbo ọ̀yà inú igbó ló ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un."

Bàbá á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá délé, á jókòó, á máa fi aṣọ nu ìbọn náà. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló burú lábúlé wa. Olórí àwọn tó ń ṣọ́ abúlé ní ìbọn kékeré kan tó rà lọ́wọ́ ẹni tí kò tún rí mọ́. Ìyẹn máa ń dún dáadáa, àmọ́ ọta rẹ̀ kò mọ̀nà. Ejò ló yìn ín sí lọ́jọ́ kan, garawa omi ìyàwó rẹ̀ ló lu. Tíṣà àgbà iléèwé ìjọ ní ìbọn ìgbàlódé tó ní ìwé àṣẹ, ó fi aṣọ funfun wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti mú kí katiríìjì rẹ̀ wú, kò wọlé mọ́. Ewúrẹ́ ni Tíṣà fi ń lé. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ fẹ́ràn láti gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, àdá ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n Mùtíù ló ní kí wọ́n tún Ó-Dọ̀la ṣe. A ti jẹun tán, Màmá ń kó àwo.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Tí ìmàdò bá jẹ oko yìí tán, kí la máa jẹ? Ṣé Ó-Dọ̀la la máa sè ni?"

"Kò ní jinná," ni Màmá wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó fi ẹní wé ìbọn, Ẹ̀gbọ́n wa epo díẹ̀ fún ọ̀kadà, àwa mẹ́ta sì gba Ayétòrò lọ, èmi láàárín. Sójà wà lójú ọ̀nà lákòókò yẹn. Ọ̀kan nínú wọn dá wa dúró, ó tú ẹní. Ó gbé Ó-Dọ̀la lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó rí wáyà tí a fi wé e, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ máa gbé e lọ. Èyí kì í ṣe ìbọn." A kọjá. Bàbá gbá a mọ́ àyà títí a fi dé. Mo mọ̀ báyìí pé ì bá sàn fún un kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúndínà là ń lọ. Alágbẹ̀dẹ ni, ọkùnrin gbọọrọ kan tí kì í gbé ohùn sókè, ojú rẹ̀ kan ti dì díẹ̀ nítorí iná. Ọkọ́, àdá àti ìbọn ìbílẹ̀ ló ń ṣe, gbogbo agbègbè náà títí dé Afọ́n ló ń kó irin wá bá a. Ó fún mi ní iṣu sísun kan kí n jókòó jẹ ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì tú ìbọn palẹ̀. Ó pààrọ̀ òkúta rẹ̀, ó rọ irin mìíràn sí ibi tí irin rẹ̀ ti rọ̀, ó fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún ihò tí iná ń gbà wọlé, ìpẹtà jáde níbẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tó parí, ó bu ẹ̀tù tirẹ̀ sí i, ó na ìbọn sí agolo kan tó gbé sórí kùkùté, ó ní kí Bàbá fà á fúnra rẹ̀. Ìbọn dún! Agolo fò lọ. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí figbe ta. Bàbá mi àgbà, tí n kò rí kó jó rí, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì.

"Ó ti jí," ni Ẹ̀gbọ́n Mùtíù wí. "Ẹ wo bí a ṣe máa yí orúkọ rẹ̀ padà."

Bàbá Ògúndínà ń nu ọwọ́. "Ẹ gbọ́, Bàbá Mùtíù. Ìbọn yìí kò ní àwáwí mọ́. Ẹ̀tù ni kí ẹ máa ṣọ́ báyìí."

Ẹ̀tù yẹn ni iṣẹ́ tèmi. Òdìkejì bọ́dà ni Bàbá ti ń rà á, bọ́dà sì ti tì, nítorí náà èyí tó wà nínú àdó kékeré tó so kọ́ sínú yàrá ni gbogbo ohun tó kù. Nígbà òjò, ẹ̀tù máa ń gba ọ̀rinrin, nílé wa wọ́n sì máa ń sá a. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìdérí igbá gbígbẹ ní àárín àgbàlá, níbi tó jìnnà sí ààrò, ọmọ kan á sì jókòó tì í. Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ dìde. Bó bá fẹ́ tọ̀, á pe ẹlòmíì kó wá dúró kó tó kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ tòun ti sìgá, tàbí tó gbé ògúnná láti ilé aládùúgbò, ọmọ á kígbe pé, "Ẹ yà o! Ẹ̀tù ń yáàrùn!" Àgbà tó bá gbọ́ ọ á yà, kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń rán mi níṣẹ́, wọ́n ń lé mi síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀tù bá wà lóòrùn, èmi ni mò ń lé àgbà. Mo tilẹ̀ máa ń kígbe mọ́ ẹni tí kò mú iná kankan dání.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ, Bàbá wà ní mọ́sálásí, Màmá ń bó gbágùúdá lẹ́yìn ilé, Ẹ̀gbọ́n wà lóko. Oòrùn mú, ìkùukùu sì wà lápá kan tí n kò kà sí. Mo gbọ́ mọ́tò tó ń sá bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀gùá, mo gbọ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, mo wá gbọ́ ìbọn àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, tá-tá-tá, sí òfuurufú. Tiwọn kì í sọ pé ó dọ̀la. Gbogbo ọmọ abúlé tú síta. Ẹnìkan kígbe pé, "Ìrẹsì o! Ó ti já sí kòtò!" Mo wo ẹ̀tù. Mo wo ojú ọ̀nà. Mo dìde.

Mọ́tò onífàyàwọ́ kan ló dorí kodò sínú kòtò, ẹni tó ń wà á ti sá wọ inú oko gbágùúdá, àwọn tó ń lé e sì ti bẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Àpò ti bẹ́, ìrẹsì funfun dà sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa bí ohun tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ fún ẹyẹ. Àwọn obìnrin ń fi ìró bù ú. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo so ọrùn rẹ̀, mo ń kó o tòun ti iyẹ̀pẹ̀. Inú mi dùn débi pé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé mi lẹ́yìn, mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹsì ni kò gbọ́dọ̀ tutù. Ìgbà tí mo ti fẹ́ délé ni mo tó rántí. Òjò ti dà. Ẹ̀tù ti di ẹrẹ̀ dúdú, ìdajì rẹ̀ ti ṣàn kúrò lórí igbá, ó ń lọ síbi tí adìẹ ti ń mumi.

Mo gbé èyí tó kù lọ sẹ́yìn ṣáláńgá, mo bò ó títí òjò fi dá, lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ ẹ sórí páànù. Ó gbẹ. Ó di kókó kókó, mo fi òkúta rọra fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò tó nǹkan mọ́, àdó sì fúyẹ́. Bàbá máa ń mi àdó yẹn létí rẹ̀ kó tó gbé e kọ́. Mo bá lọ èédú láti inú ààrò Màmá, mo pò ó mọ́ ọn títí àdó fi wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dúdú bákan náà. Nígbà tí Bàbá dé, ó mi àdó, ó bi mí bóyá òjò bá ẹ̀tù. Mo ní mo ti yára kó o wọlé. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí.

Ohun tó burú jù ni ìrẹsì náà. Màmá fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ó ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan, ó sè é pẹ̀lú epo pupa àti edé, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. A jókòó yí i ká. Ẹ̀gbọ́n ń pa ojú dé bó ṣe ń jẹun. Bàbá bu èyí tó kù nínú àwo tirẹ̀ sínú tèmi. "Wàídì ti di ọkùnrin," ni Bàbá wí. "Ó ti ń bọ́ ilé." Báwo ni mo ṣe fẹ́ yanu sọ pé ẹ̀tù ni mo fi ra ìrẹsì yìí? Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. N kò lè purọ́ pé kò dùn.

Òwúrọ̀ tí wọ́n lọ dọdẹ ìmàdò lóko, wọ́n mú mi dání kí n lè máa lu agolo láti lé ẹran náà jáde. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Bàbá kúnlẹ̀ lẹ́yìn ebè, Ó-Dọ̀la léjìká. Ẹ̀gbọ́n dúró ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níta gbangba, àdá lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, kì í dúró síbẹ̀. Ẹ̀yìn igi ni wọ́n máa ń wà tí Ó-Dọ̀la bá fẹ́ sọ̀rọ̀, torí wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn ó fọkàn tán an. Mo lu agolo. Ìmàdò kan jáde, ńlá, dúdú, ẹrẹ̀ lára, ó sì dúró gan-an níbi tí a fẹ́ kó dúró. Bàbá fà á. Òkúta ṣá, iná bù dáadáa, ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbọn dákẹ́. Mo gbọ́ "ṣììì" kan bí ìgbà tí omi bá kán síná. Ìmàdò yí padà, Ẹ̀gbọ́n ló sì rí. Kò ráyè gbé àdá. Ó kọ lù ú nítan, ó sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé ebè ni. Bàbá ti ju ìbọn sílẹ̀, ó ń sáré. Ìgbà yẹn ni Ó-Dọ̀la tó dún nílẹ̀ níbẹ̀, "pùú", bí ẹni tutọ́. Ọta rẹ̀ kò ju iwájú ẹnu rẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bàbá tú láwàní orí rẹ̀, ó fi di itan Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti pàṣẹ nígbà náà pé kí ilé epo tó súnmọ́ bọ́dà má ta epo mọ́, ìdí agolo ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Epo tó wà nínú ọ̀kadà rẹ̀ gbé e dé ìdajì ọ̀nà Ayétòrò. Ọmọ aládùúgbò tó wà á bọ́ sílẹ̀, èmi àti Bàbá di Ẹ̀gbọ́n mú lórí ìjókòó, a ń ti ọ̀kadà náà lọ. Ẹ̀gbọ́n kò ké. Ó kàn ń sọ léraléra pé, "Mo rò pé ó máa dún. Bàbá, mo rò pé ó máa dún." Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi lórí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ọlọ́kọ̀ kan ló gbé wa dé ọsibítù. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn orúnkún rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́, kò sì lè gun ọ̀kadà.

Bàbá Ògúndínà gbọ́, ó sì wá fúnra rẹ̀ láti kí i. Ó gbé iṣu dání. Àwọn ará abúlé ti pé sí àgbàlá wa, torí ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n délé. Kò tíì gbé iṣu sílẹ̀ tí Màmá fi bú sẹ́kún mọ́ ọn.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, Bàbá Ògúndínà! Ẹ wọlé, ẹ wá wò ó! Nígbà tí ìbọn yẹn kò dáa, ọmọ mi máa ń sá pamọ́. Ẹ̀yin lẹ ní ó ti dáa!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Mùtíù. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó yíjú sí Bàbá. "Bàbá Mùtíù, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀tù tí ẹ kì sí i."

Ojú Bàbá yí padà. "Ẹ̀tù mi? Ìwọ Ògúndínà, o ba ìbọn jẹ́ tán, o fẹ́ wá tú ilé mi? Ọmọ tí mo tọ́ fúnra mi ló ń sá ẹ̀tù yẹn." Ó pè mí jáde láàárín àwọn èèyàn. "Wàídì. Ṣé omi kan ẹ̀tù?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo rí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó nà gbọnran, aṣọ funfun lára rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo gún un nítan lójú gbogbo ayé.

"Rárá, Bàbá."

"O gbọ́ àbí o kò gbọ́?" ni Bàbá sọ fún un.

Bàbá Ògúndínà wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó ń bínú. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó gbé iṣu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì jáde. Ẹnìkan ju ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn pé kó lọ máa rọ ṣíbí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ máa ń yára lójú ọ̀nà wa ju mọ́tò lọ. Ní ọjà, ní mọ́sálásí, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń sọ bí Ògúndínà ṣe fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọdẹ kọ́kọ́ yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn àgbẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ìbọn ṣe, wọ́n ní báwo ló ṣe máa mọ ọkọ́ ṣe. Kí wọ́n tó ṣí bọ́dà, àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Wọ́n ní ó ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Òkè-Ọ̀dàn. Màmá gbọ́ ọ, ó ní, "Ọlọ́run ló dájọ́." Mo ń fọ àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọ ọ́ mọ́ tónítóní.

N kò kàwé púpọ̀. Nígbà tí oko yẹn bàjẹ́, iléèwé dúró, mo kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ìlaròó, iná àti irin náà ni mo sì ń bá ṣeré lójoojúmọ́. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa pọ̀ sí i lọ́kàn mi dípò kó máa dínkù. Oníbàárà kan fẹ̀sùn kàn mí lọ́jọ́ kan pé géètì tí mo ṣe ló já lu ọmọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló fi mọ́tò gbá géètì náà. Ọ̀sán kan péré ni mo fi ru ẹ̀bi yẹn kí òtítọ́ tó jáde. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo lọ sí Òkè-Ọ̀dàn.

Mo bá a lórí àga onípákó níwájú ilé ọmọ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà. Ó ti tín-ín-rín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dárúkọ ara mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí, ìrẹsì, òjò, èédú. Ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀," ló wí nígbà tí mo dákẹ́. "Mo rí i lójú ẹ lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́, Bàbá?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n di àgbàlagbà tó ń nawọ́ sí ọmọdé láàárín àgbàlá baba rẹ̀? Wọ́n á ní ìtìjú ló ń bá mi jà." Ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. "Dìde nílẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹ. Mi ò bínú sí ẹ."

Mo rò pé ó ti tán. Mo ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Ó gbé ọwọ́ dá mi dúró.

"Àmọ́ kì í ṣe èmi ni kò mọ̀, Wàídì. Èmi mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Àgbàlá yín ni wọ́n ti lé mi jáde, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Ibẹ̀ ni kí o ti lọ sọ ọ́. Kí bàbá àgbà ẹ gbọ́ ọ, kí n tó kú, kí òun náà tó kú."

Mo ní n ó ṣe é. Mo búra fún un.

Iléyá tó kọjá, gbogbo wa pé nílé. Bàbá ti darúgbó, ó jókòó lórí ẹní, etí rẹ̀ ṣì gbọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Mùtíù jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ yẹn síwájú bí ó ti máa ń nà án. Àwọn aládùúgbò wà níbẹ̀, àwọn kan náà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti wẹ, mo ti gbàdúrà, mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti Ìlaròó. Mo ń dúró kí wọ́n jẹun tán. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì ju ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iléèwé lọ, ń tan tọ́ọ̀ṣì kan, kò tàn. Ó lù ú mọ́ ilẹ̀, ó tún tàn án, kò tàn. Ó jù ú nù. "Iṣẹ́ Ògúndínà ni!" ló wí, bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nílé yẹn nípa ohunkóhun tí kò bá ṣiṣẹ́. Ọmọ náà kò mọ̀ pé èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà ṣì wà láàyè ní Òkè-Ọ̀dàn. Mo jẹ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan, ní àgbàlá kan, lójú àwọn èèyàn tí mo mọ orúkọ gbogbo wọn. N kò tíì san án.